Iyọ̀ Kì Í Bá Omi Lọ

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà ọdún mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí mo wà yìí, mo kí yín. Mo kí bàbá àgbà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tuntun tí n kò tíì fi ojú rí. Mojí, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, mo kí ìwọ náà, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, kà á sókè kí gbogbo agbo ilé gbọ́. Má fo ìlà kankan, pàápàá èyí tó bá kàn ọ́.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀lé ara wọn. Omi inú àpótí gíláàsì Bọ̀dá dúró gẹ́lẹ́ lórí ìlà pupa tí mo fi bírò fà sí i lára. Kò wọlẹ̀, kò sì yọ lókè. Báfù oníke tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ku omi tó tó ìka kan. Ẹ̀kán omi mọ́kàndínlógójì ló ń bọ́ láti ẹnu rọ́bà ní ìṣẹ́jú kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iná ńlá kò tíì tàn, ara rẹ̀ tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Ìgbín kékeré kan ń gun ògiri gíláàsì lọ. Lára fíríìjì, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba orúkọ mọ. Láti ojú fèrèsé, ilé mẹ́jọ, mọ́tò mọ́kànlá, kò sí ènìyàn kan ṣoṣo tó ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí Bọ̀dá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méje kọjá díẹ̀ ni mo rí èyí tó kẹ́yìn: ìwé mẹ́ta tí a kò kọ nǹkan sí, bírò tuntun kan, àti àpòòwé tí wọ́n ti lẹ sítáǹbù mọ́, tí wọ́n tò sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n kọ lẹ́tà sí yín.

Lẹ́tà náà nìyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo máa kọ.

Ẹ mọ Bọ̀dá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n wá bá yín lẹ́yìn tí bàbá mi ṣaláìsí, tí wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí n bá àwọn lọ sí Houston, kí n ran ìyàwó àwọn lọ́wọ́ lórí àwọn ọmọ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà kí n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. N kò ní dárúkọ wọn síhìn-ín, nítorí mo fẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà yìí fún ìyá èyíkéyìí tí wọ́n bá wá bèèrè ọmọbìnrin lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀dá ni mo máa pè wọ́n, ìyàwó wọn ni Àǹtí. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọn kò nà mí rí, wọn kò fi oúnjẹ dù mí rí. Ká ní wọ́n ń nà mí ni, lẹ́tà yìí ì bá rọrùn láti kọ.

Àdúgbò kan tó ń jẹ́ Spring ni ilé wọn wà, lẹ́yìn ìlú Houston, níbi tí bọ́ọ̀sì èrò kì í dé. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, etí fíríwéè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé mọ, ìyẹn ọ̀nà ńlá tí mọ́tò ń sá lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ibẹ̀ ni yóò ti yí padà. Mo ti rìn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ọlọ́pàá kan dúró, ó bi mí bóyá mọ́tò mi ló bàjẹ́. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá dé tí mò ń rìn? Mo kí i, mo yí padà sílé.

Ojú ọjọ́ ìta kò yàtọ̀ sí ti etí òkun wa. Ooru ọlọ́rinrin ni, tí aṣọ fi ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn kí a tó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, wọn kì í sì í ṣí fèrèsé láti oṣù kan dé òmíràn. Ètè mi a máa là bí ìgbà ọyẹ́.

Àpótí gíláàsì tí mò ń sọ yìí wà ní pálọ̀. Gígùn rẹ̀ tó ibùsùn ọmọdé. Omi òkun àtọwọ́dá ló wà nínú rẹ̀: iyọ̀ inú àpò ni wọ́n pò mọ́ omi. Nínú omi náà, òkúta wà, ẹja mẹ́rin tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ wà, iyùn sì wà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ya ẹnu. Iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́rùn, àwọn ìbátan rẹ̀ nìyí láàyè, wọ́n ń mí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí wọn, wọ́n á là bí òdòdó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ká jọ. Ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ wọn bíi ti ewé. Nítorí náà ni Bọ̀dá ṣe ra iná kan tó gbóná bí ààrò, tó gbọ́dọ̀ tàn fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Iná yẹn ló ń bọ́ iyùn. Òun náà ló ń lá omi, òun pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú tí yóò fi tún mọ́, omi á ti fà tó ìka kan.

Àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa a máa wá wò ó. Ìyá Ìjọ, tí wọ́n ń gbé ní Baytown, bi Bọ̀dá, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ẹ̀ngíníà, lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni Ẹ̀ngíníà máa pa èyí tó sanra jù níbẹ̀, kí àwọn ra ata dání. Bọ̀dá ní àwọn kì í jẹ ẹ́, wíwò ni. Ìyá Ìjọ ní háà, ẹja tí a kì í jẹ, tó tún ń jẹ owó iná! Wọ́n ní ó dájú pé Ẹ̀ngíníà ti fẹ́ ìyàwó kejì láìsọ fún ìjọ. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni Bọ̀dá ń ṣe, wọ́n ń wọ táì. Lẹ́yìn náà owó epo já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ wọn sì ní kí ọ̀pọ̀ máa lọ sílé. Iṣẹ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ti ilé ìfọpo kan ní Deer Park, ọ̀sẹ̀ kan lójú oru, ọ̀sẹ̀ kan lọ́sàn-án. Bàtà onírin ni wọ́n ń wọ̀ báyìí. Mo ń wò wọ́n tí wọ́n bá dé. Kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó mu omi, wọ́n á kọ́kọ́ dúró níwájú àpótí. Ó dà bí ẹni pé òun nìkan ni ohun tó kù láyé tó ń ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Nítorí náà n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí omi yìí ṣe di iṣẹ́ mi, nítorí ọwọ́ yín wà níbẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí náà wá, Bọ̀dá fúnra wọn ló ń bu omi kún un. Bí omi bá ti fà, wọ́n á po iyọ̀ mọ́ omi tuntun, wọ́n á bù ú sí i títí yóò fi dé ìlà. Èmi á dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú àkísà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní gan-an ni mo ti mọ̀ pé kò dára. Ìkòkò yín ni mo rántí. Lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ẹ máa ń se omi iyọ̀ láti òwúrọ̀; èéfín á bo ojú yín, omi á máa bá ooru lọ sókè, ẹ ó tún bu omi iyọ̀ mìíràn kún un, ẹ ó tún bù ú, títí ìdí ìkòkò yóò fi funfun. Ẹ máa ń sọ fún wa pé omi ni àlejò, iyọ̀ ni onílé; iyọ̀ kì í bá omi lọ. Ohun tí ẹ ń ṣe kí ẹ lè rí iyọ̀ ni Bọ̀dá ń ṣe sí ibùgbé ẹja. Wọ́n ń se iyọ̀ ní pálọ̀, wọn kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ogún ọdún tó ka ìwé mẹ́wàá ṣe máa sọ fún ẹ̀ngíníà pé ó ṣì í? A kì í sọ fún àgbà pé ẹnu rẹ̀ ń rùn. Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iyùn kan tó rí bí ọwọ́ ọmọ ìkókó ká jọ, kò là mọ́. Òmíràn bó lára, egungun rẹ̀ funfun yọ síta. Ẹja kan kú, èmi ni mo sin ín sínú ìkòkò òdòdó. Bọ̀dá ra oògùn sí omi, wọ́n gbé iná sókè, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ta iyùn fún wọn. Èmi ń nu ilẹ̀. Tí ẹ bá ń gbàdúrà fún mi, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kún un. Mo mọ̀, mo sì ń wo ohun ẹlẹ́mìí bó ṣe ń kú, nítorí kí n má baà dà bí aláfojúdi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo gbé e gba ẹ̀yìn. Mo bi Bọ̀dá, bí ẹni tí àárò ilé ń sọ, bóyá wọ́n rántí bí ìyá mi ṣe ń se iyọ̀. Mo ròyìn ìkòkò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mẹ́nu ba àpótí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àbí mo fẹ́ kí àwọn gbé ààrò wá sí pálọ̀ ni? Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gé mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n dìde. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀: á máa léfòó nínú omi, bí iyọ̀ bá sì pọ̀, á yọrí sókè, bí ẹyin adìyẹ tí ẹ fi ń dán omi iyọ̀ yín wò. Wọ́n jù ú sí i. Ó yọrí kọjá àmì rẹ̀ dáadáa. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní n kò mọ̀, sà, ìyá mi ni mo kàn rántí.

Lọ́jọ́ ìsinmi, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn lẹ́yìn ìsìn pé àwọn ti ṣàwárí rẹ̀: omi lásán ni kí a máa bù sí i, kì í ṣe omi oníyọ̀. Ìyẹn kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ti ọjọ́ kejì, tí wọ́n gbé garawa lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní láti òní lọ, èmi ni olórí omi nínú ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, èmi nìkan ni mo ní ojú rẹ̀. Mo dúpẹ́. Ìyá mi, ọgbọ́n yín ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Láti ìgbà náà, aago méje àárọ̀, mo wo ìlà. Aago mẹ́jọ, mo tan iná. Ọ̀sán, mo bu omi. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo pa iná. Aago kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ògiri, tí í máa tan iná fúnra rẹ̀ tí í sì í pa á. Bọ̀dá rà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àrá pa iná àdúgbò nígbà tí gbogbo wa lọ sí àìsùn ìjọ, aago náà dúró, iyùn sì wà nínú òkùnkùn ní gbogbo ọjọ́ kejì kí a tó dé. Wọ́n ní aago lè dúró, ojú Tóyìn kì í dúró. N kò tún bá wọn lọ síbì kankan tó ju wákàtí mélòó kan lọ. Ìgbéyàwó wà ní Dallas, mo dúró ti omi. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo dúró ti omi. Nígbà tí ọdún kan pé, Bọ̀dá ní kí n fara balẹ̀, iyùn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nígbà tí ọdún kejì pé, wọ́n ní ta ni yóò máa wo omi? Ìwé ìrìnnà mi àti ìwé ẹ̀rí mi wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, kó má baà sọnù. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín lórúkọ mi, mo mọ̀ pé òun ló ń ra oògùn bàbá àgbà. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bímpé, ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mo ṣe. Mo ní kí ni mo ṣe báwo? Ó ní ọmọ tó bá ṣẹ̀ ni wọn kì í jẹ́ kó jáde nílé; ọjọ́ mélòó ló kù fún mi? Mo rẹ́rìn-ín fún un. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó máa dà kí wọ́n má baà gbọ́ mi.

Lẹ́yìn ilé, rọ́bà kékeré kan yọ láti ara ògiri, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán omi sórí koríko. Mo wo omi yẹn fún ọjọ́ pípẹ́ kí n tó mọ ibi tó ti wá. Omi tó ń fà nínú àpótí, afẹ́fẹ́ ilé ló ń gbé e; ẹ̀rọ á gbà á lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, á tú u sóde. Koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju ti gbogbo àgbàlá lọ. Mo fi ìka kan án, mo tọ́ ọ wò. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí omi ṣe lè máa wọlé láìsí èmi, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jáde láìsí èmi. Àǹtí ló ràn mí lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ẹ rántí. Mo bèèrè bí wọ́n ṣe ń fa omi sí aláìsàn lára tí omi kì í fi í pọ̀ jù. Wọn kò bi mí ní ìdí. Ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé rọ́bà tuntun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, èyí tí ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá. Ó ní ìdè kékeré tí a fi ń dín omi kù. Mo kọ́kọ́ fi sí ẹnu gálọ́ọ̀nù gíga. Ó ń kán dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí omi gálọ́ọ̀nù ti ń dín kù ni ẹ̀kán rẹ̀ ń falẹ̀. Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé gíga omi ló ń tì í. Mo wá fi báfù fífẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí omi inú báfù kì í yára wọlẹ̀. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi ọ̀rá bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà lá òun náà. Mo fi aago ọwọ́ Àǹtí ka ẹ̀kán omi títí mo fi rí iye tó bá omi tó ń fà dọ́gba. Mọ́kàndínlógójì.

Nígbà náà ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bọ̀dá. Mo ní bí omi bá dúró lórí ìlà fún ọjọ́ méje láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án, tí aago ògiri sì ń tan iná, ṣé kí n lọ kọ orúkọ mi nílé ẹ̀kọ́? Ìrọ̀lẹ́ méjì péré ni lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìyá Ìjọ ti ní ọmọ àwọn á máa gbé mi. Bọ̀dá wo rọ́bà, wọ́n wo báfù, wọ́n ní ẹ̀yin ará etí òkun yìí, ẹ ti dá àpótí ẹja dùbúlẹ̀ sí ọsibítù! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ó dáa, ọjọ́ méje.

Àárọ̀ òní ló pé méje. Wọ́n dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ìlà. Wọ́n fi gíláàsì wọn iyọ̀, ó dúró lórí àmì rẹ̀. Wọ́n ka ẹ̀kán omi, mo rí ètè wọn tó ń mì. Wọ́n ní mọ́kàndínlógójì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n ní ẹ̀ngíníà ló yẹ kí èmi gan-an jẹ́.

Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń tú okùn bàtà, wọ́n ní ó ku àwọn ọmọ. Wọ́n ní omi ti ní rọ́bà, iná ti ní aago, rọ́bà wo ni yóò lọ mú Bímpé àti àbúrò rẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wọn ń já wọn sí, aago wo ni yóò se oúnjẹ wọn? Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn ti ro ó. Kí Mojí wá. Bí Mojí bá dé, kó gbà á lọ́wọ́ mi, kí èmi máa lọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀rùn. Ọdún kan péré, lẹ́yìn náà òun náà á wọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ ọ́, nítorí ẹnu mi ni ẹ máa gbà gbọ́, kí n sì sọ pé ibí dára. Bí mo bá kọ ọ́ tán, kí n lẹ̀ ẹ́ pa, kí n fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn fúnra àwọn á mú un lọ ilé ìfìwéránṣẹ́ bí àwọn bá dé lọ́la.

Ọdún kan péré. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ lórí àga yín. Wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ lu orúnkún bí wọ́n ṣe lù ú nígbà yẹn.

Kí n má purọ́ fún yín. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí ara mi nínú kíláàsì pẹ̀lú ìwé lórí itan. Mo mú ìwé kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibí dára, kí Mojí máa múra. Nígbà tí mo gbójú sókè, iná ńlá ti tàn, ojú mi sì wà nínú gíláàsì, láàárín àwọn iyùn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé èmi àti Mojí jọra. Mo ya ìwé náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé méjì ni lẹ́tà yìí, tí mo kọ ọ́ tojú tẹ̀yìn.

Mojí, má dúró, máa kà á lọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ wá. O ti kọ ọ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, o sì ti bèèrè irú ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀. N kò fi ìlara dí ọ lọ́nà. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan níbí bá fi ìwé pè ọ́, ní orúkọ tìrẹ, èmi ni yóò wá pàdé rẹ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n má wá láti wá gba garawa. Ẹni tó bá fi garawa lé ọ lọ́wọ́ á máa kí ọ pé o kú iṣẹ́, o mọṣẹ́, títí irun rẹ yóò fi funfun.

Ìyá mi, bí Bọ̀dá bá pè yín ní ilé tẹlifóònù, ẹ má bú wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bèèrè àlàáfíà iyùn wọn. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé Mojí ń bá yín se iyọ̀, ẹ kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Àti pé ọdún kan tí wọ́n fi tọrọ Tóyìn ti di mẹ́ta, ẹ̀ ń retí ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ dákẹ́. Bí owó kò bá wá mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ foríjì mí.

Ọjọ́ ìsinmi Àǹtí ni òní. Lẹ́yìn tí Bọ̀dá ti lọ sí iṣẹ́ ní aago márùn-ún, mo sọ fún Àǹtí pé n kò ní ránṣẹ́ pe Mojí. Wọ́n ń gé ẹ̀fọ́. Wọ́n gé ìdì kan tán, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo àti ọjọ́ wo ni mo ní. Mo ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n lọ dúró níwájú fíríìjì níbi tí ìwé àkókò iṣẹ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi, wọ́n mú bírò. Wọn kò kọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n fi bírò náà sílẹ̀ lórí fíríìjì, wọ́n padà sídìí ẹ̀fọ́. N kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Òní ni Ọjọ́rú. Ó ku ọ̀la, ó ku Ẹtì.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iyọ̀ ilé wa di òbu. Kí ó pa yín mọ́ fún mi títí n ó fi tún jókòó ti ìkòkò yín. Kí bàbá àgbà jèrè ara wọn, kí ọmọ tuntun dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn tó ń yan ẹja létí omi, ẹ kí ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè. Mo tún kúnlẹ̀ fún yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Tóyìn.

Mo fi èyí kún un. Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa ní aago mẹ́sàn-án, mo gbé e sórí tábìlì bí Bọ̀dá ṣe wí. Mo rò ó pé wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn mú un lọ ilé ìfìwéránṣẹ́ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo lọ dùbúlẹ̀. Oorun kò wá. Mo rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dákẹ́ tí iyùn ń kú lójú mi. Mo dìde, mo wá ya àpòòwé náà, mo tú ìwé méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, ojú wọn sókè, mo fi gíláàsì tí Bọ̀dá fi ń wọn iyọ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dúró sí bí wọ́n bá dé, wọ́n á sì kà á kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín tí ẹ rí i pé wọ́n ti ya ẹnu àpòòwé, tí wọ́n sì tún un lẹ̀, ẹ má rò pé ẹlòmíràn ló tú u. Èmi ni. Omi ṣì wà lórí ìlà. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni báyìí, mo ń padà lọ dùbúlẹ̀.